Ìlù Wa Lọ́wọ́ Alámòójútó Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀làjú Àgbádárìgì, àwọn baba wa a máa wí pé: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Lóde òní, ẹnìkan ti jókòó sí àárín onílù àti ọ̀mọ̀ràn: ẹni tí ń mójútó ẹ̀rọ agbóhùnsókè lóde àríyá.

Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Bí alámòójútó bá fi gìtá oníbáàsì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àríyá ìgboro Èkó ti ń béèrè, oríkì di ariwo lásán.

Èmi kò lòdì sí ohun titun. Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945, ẹ̀rọ yìí ni ó gbé ohùn gìtá sókè tí jùjú fi ráyè gba gángan. Ní ọdún 1982, Sunny Adé àti Martin Meissonnier, ará Faransé, ṣe àwo Juju Music ní Lomé. Wọ́n fi ẹ̀rọ orin oníná kún un, síbẹ̀ gángan ń sọ̀rọ̀ ketekete nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í pa ìlù. Àìgbọ́ èdè ìlù ni í pa á.

Nítorí náà, kí a tó sanwó ẹ̀rọ fún ọdún ìlú wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí yóò mójútó o kọ́kọ́ jókòó ti àwọn onídùndún, àti ti àwọn Ẹ̀gùn tí ń lu Sàtó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.