Ọlọ́pàá já wọ ilé oúnjẹ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá, Frank Crichlow ò sá lọ

 

Tí wọ́n bá ní ká ka orúkọ àwọn èèyàn ńlá tó wà nílùú, ọba la máa kọ́kọ́ dárúkọ, ká tó kan ìjòyè, ká tó wá kan olówó àti olóṣèlú. Ta ló máa ń dárúkọ olóúnjẹ? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti rìnrìn-àjò rí mọ̀ pé lọ́jọ́ téèyàn bá dé ìlú onílùú, tí kò mọ ará, tí kò mọ ọ̀rẹ́, olóúnjẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Níbo lo ti wá? Ṣé o ti rílé?" Ọ̀rọ̀ irú olóúnjẹ bẹ́ẹ̀ kan ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí.

Frank Crichlow lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Trinidad ni, ìlú London ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ló kú, lẹ́ni ọdún 78. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò kọ́ wa nípa ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì tí mo lọ. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ wa.

Ẹ má sì rò pé Trinidad jìnnà sí wa o. Àwọn baba ńlá wa kan dé ibẹ̀ nígbà òwò ẹrú, àwọn mìíràn sì tún dé lẹ́yìn tí òwò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Títí dòní, wọ́n ń bọ Ṣàngó níbẹ̀, wọ́n ń bọ Ògún, wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun. Wọ́n tún ń din nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní accra. Ẹja oníyọ̀ àti ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀wà, àmọ́ ta ni kò ní mọ̀ pé àkàrà ni orúkọ yẹn? Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Frank Crichlow, ọ̀rọ̀ ará ilé là ń sọ.

Ọdún 1953 ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni nígbà yẹn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ọmọ erékùṣù Káríbíà sì ń rọ́ lọ. Frank ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó tún dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí ojú àwọn èèyàn dúdú rí ní London nígbà náà kò ṣeé fẹnu sọ tán. Èèyàn á ní owó lọ́wọ́, kò ní rílé háyà. Onílé á kọ ọ́ gàdàgbà sójú fèrèsé pé òun ò gba èèyàn dúdú. Ilé ọtí mìíràn ò ní tà fún wọn. Ní ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kóra jọ ní Notting Hill, wọ́n ń fi igi àti irin lu èèyàn dúdú lójú títì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gún Kelso Cochrane, káfíńtà kan tó wá láti Antigua, lọ́bẹ pa ládùúgbò yẹn. Títí dòní, kò sí ẹni tí kọ́ọ̀tù dá lẹ́bi ikú ẹ̀.

Ọdún 1959 yẹn gan-an, ládùúgbò yẹn gan-an, ni Frank ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta kọfí. El Rio ló pè é. Ẹ wo ìgboyà! Níbi tí wọ́n ti ń lé irú ẹ̀ kiri, ibẹ̀ ló gbé tábìlì àti àga sí, ó ní kí àwọn èèyàn wá jókòó.

Nígbà tó di ọdún 1968, ó ṣí èyí tó tóbi, ní òpópónà All Saints. Mangrove ló sọ ibẹ̀. Mangrove ni igi tó máa ń hù létí ọ̀sà nínú ẹrẹ̀, tí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Oúnjẹ ilé wọn ni wọ́n ń sè níbẹ̀, oúnjẹ tó ní ata, tó ní ìtasánsán. Ilẹ̀kùn sì ń wà ní ṣíṣí dòru, nítorí ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Kò pẹ́ tí òkìkí ibẹ̀ fi kàn. Nina Simone jẹun níbẹ̀, Bob Marley jẹun níbẹ̀, Vanessa Redgrave, òyìnbó òṣèré tíátà nì, náà débẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe tìtorí àwọn gbajúmọ̀ ni àwọn èèyàn fi fẹ́ràn Frank. Ẹni tó ń wá yàrá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí ọlọ́pàá mú ọmọ ẹ̀, tó ń wá lọ́yà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń sá lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, tí ẹbí ti kọ̀, á rí àga jókòó sí. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìwé ìròyìn àdúgbò kan jáde láti ibẹ̀, Hustler lorúkọ ẹ̀. Ẹ wá bi mí: ṣé ilé oúnjẹ náà la ṣì ń pe èyí, àbí ààfin?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yíwọ́ nìyí. Àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ní ibùba àwọn ọ̀daràn ni, pé wọ́n ń ta igbó níbẹ̀. Láàárín oṣù kìíní ọdún 1969 sí oṣù keje ọdún 1970, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n já wọ Mangrove. Ẹ̀ẹ̀mejìlá o! Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n á dé nígbà tí àwọn oníbàárà ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n á tú gbogbo ilé, wọn ò ní rí igbó kankan, wọ́n á tún padà wá. Ìjọba ìbílẹ̀ náà gba ìwé àṣẹ tó fi ń tajà lóru lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Oníbàárà wo ló máa jókòó jẹun níbi tí ọlọ́pàá ti lè dé nígbàkigbà?

Ẹnì kan lè ní, "Ọ̀dọ́mọdé yìí, fara balẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń ṣe." Ẹ ṣeun, bàbá. Mo gbà pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ṣọ́ ìlú. Àmọ́ ẹni tó bá wọ oko olóko lẹ́ẹ̀mejìlá pé òun ń wá ewúrẹ́ òun, tí kò rí ewúrẹ́, tí kò rí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ṣé ewúrẹ́ náà ló ṣì ń wá?

Frank kì í ṣe olóṣèlú. Kì í ṣe pé ó gbéra ní Trinidad pé òun ń lọ jà fún ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló fẹ́ tà, kó rí èrè díẹ̀, kó bọ́ ẹbí ẹ̀. Wọ́n há a mọ́ ògiri ni. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ló wá ní ọ̀rọ̀ yìí ò ní kan Frank nìkan. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, àti sí àwọn aṣojú ìjọba erékùṣù Káríbíà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1970, nǹkan bí 150 èèyàn kóra jọ síwájú Mangrove, wọ́n wọ́de lọ sí àwọn àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò. Àwọn ọlọ́pàá tó jáde lọ́jọ́ náà pọ̀ ju àwọn tó ń wọ́de lọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kó èèyàn.

Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kó lọ sí Old Bailey, kọ́ọ̀tù ńlá London, lọ́dún 1971, pé wọ́n dá rúkèrúdò sílẹ̀. Frank fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀. Altheia Jones-LeCointe, ọmọ Trinidad tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì, wà níbẹ̀, tòun ti oyún nínú. Darcus Howe àti Barbara Beese wà níbẹ̀. Rupert Boyce, Rhodan Gordon, Anthony Innis, Rothwell Kentish àti Godfrey Millett ni àwọn yòókù. Adájọ́ kékeré kan ti kọ́kọ́ da ẹ̀sùn rúkèrúdò yẹn nù, ìjọba ló tún gbé e dìde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ nìkan kọ́ ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ṣa èèyàn méjìlá láàárín ìlú, àwọn ló máa sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Júrì ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn mẹ́sàn-án yìí ní èèyàn dúdú ni kó jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn, torí òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ẹni ló gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ ẹni. Adájọ́ ò gbà. Wọ́n wá ń kọ àwọn tí wọ́n bá ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí wọ́n fi kọ èèyàn 63. Nígbẹ̀yìn, èèyàn dúdú méjì wọ inú méjìlá. Altheia àti Darcus ò gba lọ́yà, fúnra wọn ni wọ́n dìde tí wọ́n ń bi ọlọ́pàá léèrè ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 55 ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, júrì ní kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó jẹ̀bi rúkèrúdò. Wọ́n dá àwọn mẹ́rin lẹ́bi àwọn ẹ̀sùn tó kéré, wọn ò sì rán wọn lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n dá Frank sílẹ̀ pátápátá. Adájọ́ Edward Clarke wá sọ ohun tí adájọ́ kankan ò tíì sọ rí ní gbangba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ̀rí wà pé ìkórìíra ẹ̀yà wà ní ìhà méjèèjì, títí kan ìhà àwọn ọlọ́pàá.

Ṣé ó wá parí síbẹ̀? Kò parí. Frank padà sídìí ìkòkò ẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ àdúgbò Mangrove sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí kò rílé gbé, àwọn arúgbó, àti àwọn tó tẹ̀wọ̀n dé. Ilé oúnjẹ ẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣètò Carnival Notting Hill, àríyá ńlá tí àwọn ọmọ Káríbíà máa ń ṣe lójú títì lọ́dọọdún, títí kan ẹgbẹ́ onílù irin tó ń jẹ́ Mangrove. Síbẹ̀, lọ́dún 1988, ọlọ́pàá tún ya wọ ibẹ̀ tìjàtìjà, wọ́n ní àwọn rí oògùn olóró lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó kórìíra oògùn olóró. Wọ́n fún un ní béèlì, àmọ́ wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé oúnjẹ ẹ̀. Lọ́dún 1989, kọ́ọ̀tù tún dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1992, àwọn ọlọ́pàá London san £50,000 fún un, owó gbà-má-bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Owó yẹn ò dá ilé oúnjẹ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Mangrove tì pa. Àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé lọ́jọ́ sí ti wá di tolówó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ìyà kọ́ ọ ò sì lágbára àtigbé ibẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àmì ìrántí tí wọ́n fi sára ògiri lọ́dún 2011, àti fíìmù tí Steve McQueen ṣe lọ́dún 2020, tó pè ní Mangrove. Frank ò sí láyé láti wò ó.

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá gan-an o. Ní ọdún 1969, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ Mangrove, ni ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà wà nínú àwọn tó fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí lè sọ èyí tójú wọn rí. Nígbà tó di ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Ghana, báàgì tí wọ́n fi palẹ̀ ẹrù mọ́ la sì sọ ní "Ghana Must Go". A fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Iye èèyàn wo ló dìde nínú wa pé, "Ẹ má lé olóúnjẹ wa"?

Ohun tí mo rí kọ́ lára Frank Crichlow nìyẹn. Ìgboyà ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìgboyà ẹnì kan ò lè dá ilẹ̀kùn dúró sí ṣíṣí. Àwọn tó jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀ ni ò jẹ́ kó dá nìkan dúró nígbà tí wàhálà dé. Wọ́n san owó oúnjẹ, wọ́n sì mọ̀ pé gbèsè ṣì wà nílẹ̀.

Ládùúgbò tiyín ńkọ́? Mọ́là tó ń po tíì tó sì ń din ẹyin lóru ńkọ́? Ìyá Togo tó ń ta ìrẹsì ńkọ́? Ṣé ẹ mọ orúkọ wọn, àbí "Mọ́là" àti "Ìyá Togo" náà lẹ ṣì ń pè wọ́n? Tí àwọn agbófinró tàbí àwọn ọmọ ìta bá wá da ìkòkò wọn nù lọ́la, ta ló máa bá wọn sọ̀rọ̀? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ ìtàn olóúnjẹ àjèjì tó ṣe yín lóore, a máa tẹ èyí tó bá ṣeé tẹ̀ ní abala lẹ́tà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í pé kí lorúkọ ẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.