Ẹ̀sùn tí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà Fi Kan Àwọn Olùtọ́jú Máàpù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ìdájọ́, àwọn tó dúró níwájú yín lónìí kì í ṣe olè. Dátà ilẹ̀ wa la fi sí ìkáwọ́ wọn: orúkọ ìlú, ọ̀nà, odò, ilé ìwòsàn, ààlà. Wọ́n kó o sórí sáfà kan kí awọnlẹ̀, nọ́ọ̀sì, panápaná àti òṣìṣẹ́ ètò ìkànìyàn lè jọ máa lò ó. Wọ́n kó o síbẹ̀ tán, wọ́n pa á tì. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, nítorí pé ojú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ gbangba ló wà. Ẹni tó bá ṣì í mọ̀ lórí máàpù, ó wù ú ni.

Orúkọ ni ẹ̀sùn kìíní. Nínú fáìlì kan, Ipetu-Ijesha; nínú òmíràn, Ipetu Ijesa; nínú ẹ̀kẹta, Ipetu-Jesa. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú mẹ́ta nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì gbìyànjú láti fi àmì ohùn sí i, tó wá tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì máàpù tí wọ́n ń pè ní shapefile láìsọ kóòdù lẹ́tà tó lò, ohun tó lè jáde nìyí: Ìpetu-Ìj???à. Ẹ tún un wò. Àmì ìbéèrè mẹ́ta ló jókòó síbi tí lẹ́tà Yorùbá yẹ kó wà. Ká má tíì sọ ti Ìpetumodù lápá Ifẹ̀, tí ẹni tó bá kọ "Ipetu" lásán lè darí ọkọ̀ aláìsàn sí. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀rìn-Òkè, Ẹ̀rìnmọ̀, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun: ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú kò ní kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ wọn kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Àwọn tí à ń sanwó oṣù fún kò tíì mọ orúkọ onílé.

Ẹ̀sùn kejì: wọ́n ṣí ìlú nípò. Òpó kan nítòsí Minna, ní ìpínlẹ̀ Niger, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà láyé àtijọ́. WGS84, ètò ìwọ̀n tí GPS inú fóònù yín ń lò, kò bá ti òpó yẹn lọ. Nọ́ńbà kan náà nínú ètò méjèèjì kì í tọ́ka síbì kan náà; lágbègbè wa, ìyàtọ̀ wọn tó nǹkan bí 100 mítà. Ìṣirò tó ń mú wọn bára mu wà, kì í ṣe awo. Kí ẹni tó gbé dátà sórí sáfà ṣáà ti kọ ètò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kò kọ ọ́. Ẹ wá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí àwòrán sátẹ́láìtì: títì á wọ inú oko kòkó lọ, ṣọ́ọ̀ṣì á jáde lábẹ́ páànù ara rẹ̀. Bí pílọ́ọ̀tì bá jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100, 100 mítà á fo mẹ́ta kọjá ní gígùn. Ìlà kan tí wọ́n ya ọ̀lẹ láti kọ ló di ẹjọ́ ilẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. Dátábéèsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń tún ṣe gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó yí nǹkan padà, ọjọ́ tó yí i, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà tipẹ́: kí oníkálùkù ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tirẹ̀, kí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ ojúlówó. Níbi tí kò bá ti sí èyí, ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ní Òṣogbo ṣí fáìlì ọ̀nà láàárọ̀, ẹlòmíràn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ṣí òun náà. Ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà fi afárá tuntun sí i, ó tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Ti Òṣogbo tọ́jú tirẹ̀ nírọ̀lẹ́, afárá pòórá. Páàsíwọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n jọ ń lò, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á da gbogbo rẹ̀ sórí fíláàṣì, á gbé e lọ sílé. Tinú fíláàṣì á wá di èyí tí wọ́n ń pè ní ojúlówó. OpenStreetMap, tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní 2004, ń tọ́jú ìtàn àyípadà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe kò sì gba kọ́bọ̀. Ohun tí aláìgbowó ń ṣe nínú yàrá rẹ̀, ó wúwo jù fún agbowó-oṣù.

Ẹ̀kẹrin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dátà wọn kò ní ọjọ́ lára. Púpọ̀ nínú máàpù 1:50,000 tí Nàìjíríà ní, àwọn ọdún 1960 ni wọ́n yà á. Àbà kòkó ìgbà náà, òmíràn ti di igbó, òmíràn ti di àdúgbò. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò sí nígbà náà, ti ní ọgbà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n da máàpù àtijọ́ yẹn kọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n pè é ní tuntun. Irọ́ gbuu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ná èèyàn, ẹ̀sùn karùn-ún. Lókè Ọya, máàpù àfọwọ́yà ni àwọn tó ń fún ọmọdé ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fi ń rìn tẹ́lẹ̀. Abúlé tí kò sí lórí rẹ̀, wọn kì í dé ibẹ̀, ẹ̀kán oògùn méjì kì í kán sí ọmọ ibẹ̀ lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì tún máàpù náà yà ni àwọn abúlé tí wọ́n ti ń fò tó hàn síta. Látinú iṣẹ́ yẹn ni ètò máàpù tí wọ́n ń pè ní GRID3 ti jáde. Ọmọ tí máàpù fò, àrùn kò fò ó.

Wọ́n sì mọ iṣẹ́ máàpù yìí. Ẹ̀sùn kẹfà nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, 1908 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Láti 1972 ni RECTAS, tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí, ti wà fún kíkọ́ ọmọ Áfíríkà níṣẹ́ yìí gan-an, nínú ọgbà yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ rán sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 lọ sójú òfuurufú. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ àbá ìlànà NGDI, tó yẹ kó là á sílẹ̀ bí àwọn àjọ ṣe máa jọ tọ́jú dátà ilẹ̀, tí wọ́n á sì jọ máa lò ó. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àbá náà kò tíì di òfin. Wọ́n gbé ojú sókè ọ̀run, wọn ò yan ẹni tí yóò máa kọ ohun tí ojú rí sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò wọn á dìde láìpẹ́. Á ní sọ́fítíwíà wọ́n. QGIS, PostGIS àti GeoServer, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á ní iná kò sí, á ní òṣìṣẹ́ kò tó. Ẹ bá mi bi í léèrè: òṣìṣẹ́ mélòó ló ń gbà láti kọ ọjọ́ sára fáìlì?