Ebi kì í dúró de bàálù

Ọmọ àgbẹ̀ Ìbèsè ni mí. Mo mọ bí ó ti ń dun àgbẹ̀ tó bí a bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Ìdó-Ọ̀ṣun, nítòsí Òṣogbo. Láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti la pápá bàálù síbẹ̀, koríko sì gbà á. Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un bẹ̀rẹ̀, ó fi sọrí M.K.O. Abíọ́lá, iṣẹ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ní 2025, ìjọba ní Ẹdẹ ni òun ń gbé e lọ, àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun sì fárígá.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Irè oko àti ilé ni à ń san owó fún, kì í ṣe ilẹ̀ gan-an. Ta ni yóò wá san irè gbogbo ọdún tí a kò jẹ́ kí wọ́n gbìn?

Èrò mi ni pé, níbikíbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti dúró ju ọdún méjì lọ, kí ìjọba jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ máa gbin àgbàdo síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó ń gbà. Kò ní dí katakata lọ́wọ́ bí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ẹ̀yin rí sí i?