Ìwé Tán, Ìwé Kù: Kí Ni PGD Tí Ọmọ Ń Béèrè Owó Rẹ̀ Yìí?

Bí ọmọ bá ti bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ a mí kanlẹ̀, a ní ẹrù ti sọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá aláta kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kàwé nípa ọ̀gbìn ní yunifásítì, ó ti sin ìjọba fún ọdún kan, ó ti wáṣẹ́ títí bàtà ẹ̀ fi jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìwé kan ló kù tí mo fẹ́ kà. PGD ni wọ́n ń pè é, ti kọ̀ǹpútà ni."

Ìyá ṣíwọ́ nínú rodo tó ń ṣà. "Ìwé wo tún ni? Èyí tó o kà lọ́jọ́sí ńkọ́, àbí eku ti jẹ ẹ́ ni?"

Ẹ má bá ìyá wí o. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ, ẹ̀rọ ìlọta ló fẹ́ fi rà. Ọdún méjì gbáko ló ti ń dá a. Bí owó náà bá sì wọ ilé-ìwé, ó di ẹ̀yìn ọ̀la nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àbúrò méjì ṣì ń bẹ nílé.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé etí aláṣọ tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra. Òun ló ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ẹnì kan wà tó ń bá wọn gba irú ìwé yẹn. Oṣù mẹ́ta péré ni, ọmọ ò tiẹ̀ ní í jókòó ní kíláàsì. Owó ẹ̀ ò sì tó ìdajì." Ojú ìyá là. Ó kù díẹ̀ kó ránṣẹ́ sí alájọ.

Bàbá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọjà ló dá a dúró. "Ìyá, ẹ jókòó ná. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ẹni tó bá gba fírídọ́ọ̀mù ní oṣù mẹ́ta, tí kò dé ṣọ́ọ̀bù rí, ṣé ẹ máa gbé tẹlifíṣọ̀n yín fún un?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Kó má lọ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ. Kí ni PGD gan-an? Ẹ wo télọ̀ tó kọ́ aṣọ ọkùnrin, tó gba fírídọ́ọ̀mù, tó wá fẹ́ máa rán búláòsì. Kò ní tún bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣàì jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni PGD rí. Ìwé àṣekún ni fún ẹni tó ti gba dìgírì, tàbí HND ní pọ́lì, tó fẹ́ yà sí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó gba tádì kíláàsì náà sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá kó tó lè ka Master's. Ọdún kan ló sábà máa ń gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn lè lò tó méjì.

Ti kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n á kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, bí wọ́n ṣe ń to àkọsílẹ̀ pamọ́ tí kò fi ní sọnù, àti bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Níparí, á dá iṣẹ́ kan ṣe fúnra ẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ lè lọ sí National Open University, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun dá dúró ní 1984, tí wọ́n sì jí dìde ní 2001. Àwọn náà ní PGD kọ̀ǹpútà.

Ìwé ẹ̀bùrú ńkọ́? Ní ìparí 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan tú àṣírí bó ṣe gba dìgírì ní Kútọnu láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Nígbà tó di January 2024, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ò yẹ ìwé tó ti Benin àti Togo wá wò mọ́ ná. Àtàwọn tó fòótọ́ kàwé, àtàwọn tó rà á, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá pe ọmọ. Ó ní kó ṣí orúkọ yunifásítì tí àjọ NUC fọwọ́ sí lórí fóònù, kí òun náà fojú rí i. Ọmọ ṣí i, tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá tún bi í pé, "Ṣé ìwé lò ń wá, àbí iṣẹ́?" Nítorí bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni, ìjọba àpapọ̀ dá ètò 3MTT sílẹ̀ ní 2023 láti kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ní méjèèjì ni, pé òun fẹ́ ka Master's lẹ́yìn ẹ̀, òun á sì máa tún fóònù ṣe nírọ̀lẹ́ láti san ìdajì owó.

Ìyá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Ìdajì ni màá san. Bó o bá fi í ṣeré, ìwọ lo máa máa fọwọ́ lọ ata fún mi."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ PGD dé, ẹ má lé e, ẹ má sì yára kówó sílẹ̀. Ẹ bi í: Ṣé NUC mọ ilé-ìwé náà? Ọdún mélòó ni? Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ọmọ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkólòlò, owó àjọ yín ò ní ṣòfò lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó bá ní oṣù mẹ́ta ni, láìwọ kíláàsì, ẹ jẹ́ kó wá máa ta tòmátì.