Ọ̀LẸ KỌ́, Ẹ̀JẸ̀ NI KÒ TÓ

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ará Ìkẹjà àti Agége tí èmi kò fẹ́ràn rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni: "Ọ̀lẹ ni." Ọkùnrin tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ òru láti ọdún púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé nídìí ẹ̀rọ, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ìyàwó ilé tí í máa ru ẹrù láti ọjà dé ilé láìsinmi, ó wá di ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, ìyá ọkọ rẹ̀ ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́ ńkọ́? Pàṣán ni bàbá rẹ̀ ń wá.

Èrò tèmi ni pé ẹnikẹ́ni tí ó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, tí agbára rẹ̀ ṣàdédé tán, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí a tó pè é ní ọ̀lẹ.

Bí ẹ bá sì rò pé irú àìsàn yìí kì í ṣe alágbára, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọmọ Èkó kan tí gbogbo ayé mọ̀, Hakeem Ọlájuwọ́n. Ní Èkó ni a bí i ní 1963. Ìgbà tí ó wà ní Muslim Teachers College ní Èkó níbí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù afọwọ́jù sínú àwọ̀n, èyí tí a ń pè ní básíkẹ́tì, kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1980. Ní 1994 òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife-ẹ̀yẹ. Ní oṣù February 1995 ó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdánì, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú oṣù náà. Ṣùgbọ́n kí eré ọdún náà tó parí, ara rẹ̀ kọ̀ fún un. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. (Ẹni tí ó bá sọ pé ààwẹ̀ ni ó fà á, àbá ni onítọ̀hún ń dá.)

Kò sí ẹni tí ó fi pàṣán lé e wọ pápá. Wọ́n ní kí ó jókòó, kí ó gba ìtọ́jú, eré bíi 8 sì kọjá láìsí i níbẹ̀. Ipò kẹfà péré ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà tí ìdíje àṣekágbá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kan David Robinson, ẹni tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù ọdún náà, Ọlájuwọ́n jẹ àmì-ayò tí ó lé ní 35 nínú eré kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín eré 6 tí wọ́n gbá dọ́gba. Ní oṣù June wọ́n na Orlando ní 4 sí òdo, ife sì tún di tiwọn. Ọkùnrin kan náà ni, ọkàn kan náà ni.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú lọ sí ẹran ara àti ọpọlọ. Ara kò sì lè ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò bá rí èròjà irin nínú oúnjẹ. Bí ó bá dín kù, àyà a máa lù kìkì, òòyì a máa kọ́ni, àtẹ́lẹwọ́ a máa funfun, ìfẹ́ iṣẹ́ pàápàá a kú lọ́kàn ẹni. Àwọn mìíràn a máa wá amọ̀ tàbí yìnyín jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2019, nínú obìnrin 10 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 49, bíi 3 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó.

Nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù, ìbímọ léraléra, ibà àti aràn inú ìfun wà lára ohun tí ń fà á. Oògùn ara ríro tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń gbé mì lójoojúmọ́ lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò láìjẹ́ pé a mọ̀. Nítorí náà, ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà wá ibi tí ó ń gbà lọ. Búrẹ́dì Agége dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì àti tíì láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, kò lè tó. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀dọ̀ ẹran àti ẹ̀fọ́, kí ẹ fi ọsàn tẹ̀lé e. Tíì ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí irin inú oúnjẹ wọ ara dáadáa; ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ má ṣe ra oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri nínú ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè kéré láìjẹ́ pé irin ni ó dín, irin àpọ̀jù sì lè ṣe é ní ibi. Ẹ lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Orílé-Agége, kí ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ yọ̀ǹda òwúrọ̀ kan fún òṣìṣẹ́ yín láìgé owó rẹ̀.

Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn irin, ìgbẹ́ yín yóò dúdú. Ẹ má fòyà. Ara lè yá láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti í máa da oògùn nù. Ẹ máa lò ó títí dókítà yóò fi ní ó tó, èyí tí í sábà gba oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.