Ẹ̀yìnkùlé Ló Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Omi Ti Bẹ̀rẹ̀

Àwa tí ilé wa wà ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi kọjá ọ̀rọ̀ ìwé. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò wa. Kàǹga tàbí kàǹga dẹ̀rọ ni onílé kálukú ń gbẹ́. Síbẹ̀, tí ẹ bá bi ọmọ girama níbẹ̀ pé kí ló kọ́ nípa omi, “H₂O” ni yóò fi dá yín lóhùn.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti àyíká ni iṣẹ́ wọn ní LASU. UNESCO fún wọn ní ẹ̀bùn Kalinga ní 1992 nítorí bí wọ́n ṣe ń mú sáyẹ́ǹsì yé ará ìlú. Àwọn náà ló darí NUC láti 2001 sí 2006 (àjọ tí wọ́n máa ń torí rẹ̀ kun ògiri kíláàsì). Èyí tó wù wá jù ni ìlànà ìkọ́ni CTCA tí wọ́n gbé jáde ní 2015: kí olùkọ́ tó kọ́ kókó kan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, yóò sì gbé e wá sí kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Mowe. Ọmọ kan á ní, “Ìyá àgbà ní ká da álọ́ọ̀mù sí omi kàǹga.” Òótọ́ ni, álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ jọ, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn lè ṣẹ́ kù sínú omi tó mọ́ lójú. Àfi ká sè é. Kí wọ́n wá fi téèpù wọn ilẹ̀ láti kàǹga dé ṣáláńgá. Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó ní kó tó mítà 30, bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ńkọ́, 60 sí 60? Láti igun dé igun, kò tó 90! Ti aládùúgbò sì tún wà lẹ́yìn ògiri.

Àwọn kan á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún sáyẹ́ǹsì. Isun, àbàtà, ọ̀gbàrá, ọ̀sà ńkọ́? Ìyá àgbà kò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé álọ́ọ̀mù.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, a fẹ́ lọ bá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé tí a ti jáde, ká bá wọn kọ ìbéèrè tí ọmọ yóò gbé lọ sílé, ní Yorùbá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lágbègbè yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ilé ìwé tí ẹ wà.