Ilé ni Àbọ̀ Ìsinmi Oko: Akàndá Ẹ̀dá Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ní Èkó àti Ìbàdàn, ayálégbé tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ kì í tètè rí ilé tí yóò gbà á: pákó tóóró ló wà lórí gọ́tà, àtẹ̀gùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò sì fẹ̀ tó.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn akàndá. Òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Gbèdéke náà ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ tún gbogbo ọ́fíìsì ṣe, ta ló ń sun ọ́fíìsì?

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1988 kan ilé ìgbé pàápàá: bí ilé tuntun bá ní fúláàtì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán, tìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àga oníkẹ̀kẹ́.

Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa béèrè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán ilé, nítorí títún ilé wó ló ń náni lówó. Ẹ̀yin onílé, ọjọ́ ogbó ń bọ̀: àtẹ̀gùn tí ẹ mọ lónìí lè di odi fún ẹ̀yin fúnra yín lọ́la.